Ẹ Jẹ́ Kí Ọbẹ̀ Mì Níkùn Àgbà

Àwọn àgbà ló ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Òwe náà dára, mi ò bá a jà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi sí àgbà lọ́wọ́, kó pa á mọ́. Àṣírí ilé onílé, kó má gbé e dé ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọbẹ̀ kan wà tí mo fẹ́ kó mì níkùn gbogbo àgbà pátá. Òun náà ni ọbẹ̀ fúnra rẹ̀: bí a ti ń sè é, ohun tó ń wọ inú rẹ̀, àti ìwọ̀n rẹ̀. Bí èyí kò bá mì, ọjọ́ tí àgbà bá lọ, tòun tọbẹ̀ ni yóò jọ lọ.

Ìjẹ̀bú ni wá nílé wa, ẹ ò sì ní retí pé kí n dárúkọ oúnjẹ mìíràn ṣáájú ìkọ́kọrẹ́. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pè mí lórí fóònù ní ọdún 2021. Ó ti rí ewùrà rà ládùúgbò rẹ̀, ó ti rin ín, ó ti sè é, ṣùgbọ́n ohun tó bá nínú ìkòkò kò yàtọ̀ sí àtè tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ. Ó ní, “Sistá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi Màámi. Báwo ni ewùrà ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Epo ńkọ́?”

Mo bi Màámi. Ìdáhùn wọn rèé: “Kó rin ewùrà tó bá tó o. Kó bu epo sí i níwọ̀n. Tó bá ti jinná, á mọ̀.”

Níwọ̀n kẹ̀! Ìwọ̀n tí ojú Màámi ti ń wò láti nǹkan bí 60 ọdún, ojú ẹni tó wà ní Manchester ò rí i. Ẹ má rò pé wọ́n ń fi pamọ́ o. Ọwọ́ wọn ló mọ̀ ọ́n, ẹnu wọn ò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá wa rí. Tí ẹ bá ní kí wọ́n sọ ọ́, wọn á fo ìdajì. Tí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe é, wọn ò ní fo nǹkan kan.

Nítorí náà, mo ra òṣùwọ̀n kékeré kan, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, mo gbé àpótí, mo jókòó ti Màámi nílé ìdáná. Ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ sọ sínú ìkòkò, mo ti gbà á lọ́wọ́ wọn, mo ti gbé e lé òṣùwọ̀n, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ lọ tà á ni?” Mo ní rárá, ọmọ yín ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ rèé, ẹ̀yin náà lè gbìyànjú rẹ̀. Ewùrà tó wọn kílò 1 lẹ́yìn tí a ti bó o. Epo pupa, agolo mílíìkì kékeré 1. Tàtàṣé 4, ata rodo 3, àlùbọ́sà 2, kí a lọ̀ wọ́n pọ̀. Edé lílọ̀, ṣíbí ìjẹun 3. Irú, ṣíbí ìjẹun 1. Ẹja gbígbẹ ńlá 1, tí a ti fọ̀, tí a ti yọ eegun rẹ̀. Iyọ̀, ṣíbí tíì 1 àbọ̀. Omi, agolo mílíìkì 3. Pọ̀nmọ́, bí agbára bá ti mọ.

Ẹ fi epo ra ọwọ́ kí ẹ tó bó ewùrà, nítorí ó ń yún ni lọ́wọ́. Ẹ rin ín, ẹ má bu omi sí i rárá. Ẹ gbé gbogbo nǹkan yòókù kaná. Tó bá ti hó dáadáa, ẹ máa fi ọwọ́ bu ewùrà náà sínú rẹ̀ ní kókó kókó. Ẹ dé e, ẹ dín iná kù, ẹ má sì rò ó fún ìṣẹ́jú 10. Ibí yìí gan-an ni àtè ti wọ ìkòkò àbúrò mi: bó ti ń dà á sí i ló ń rò ó. Ewùrà gbọ́dọ̀ jinná kó tó gba orógùn. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá rò ó jẹ́jẹ́, kí kókó rẹ̀ má bàa túká tán. Ẹ má sì fi iṣu funfun dípò ewùrà o. Kì í dì mọ́ra bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi tún un sè. Ó ní, “Sistá mi, ó jọ ti Màámi, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì kù.” Mo ka gbogbo ohun tó ṣe fún Màámi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Gbígbóná ló jẹ ẹ́. Ta ní ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná? Kó jẹ́ kó sùn mọ́jú, kó wá fi ẹ̀bà gbígbóná jẹ ẹ́ ní tútù.”

Ẹ ò rí nǹkan! Òṣùwọ̀n ò lè wọn èyí. Ta ni ì bá sì béèrè rẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó yẹ ní bíbéèrè? Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé, ìgbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè ni ká ti sè é, ká bà á jẹ́, ká tún lọ bi í.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan wà, màmá tó ń ta mọ́ínmọ́ín eléwé. Owó mọ́ínmọ́ín yìí ni wọ́n fi rán ọmọ márùn-ún níwèé. Tí àwọn ọmọ bá sún mọ́ ìkòkò, wọn á lé wọn: “Ẹ lọ kàwé yín! Ẹ̀yin ò ní jókòó ti iná bíi tèmi.” Ìfẹ́ ni, kì í ṣe ahun. Àwọn ọmọ kàwé lóòótọ́: ọ̀kan di nọ́ọ̀sì, ọ̀kan di olùkọ́. Nígbà tí màmá kú ní ọdún 2014, àwọn alásè ló se mọ́ínmọ́ín òkú wọn. Ẹyin wà nínú rẹ̀, ẹja wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí àkọ́bí wọn ti tọ́ ọ wò, ó rọra gbé abọ́ kalẹ̀. Títí di òní ni wọ́n ń jiyàn. Ọ̀kan ní omi tí wọ́n fi se ẹran ni màmá fi ń po ẹ̀wà. Èkejì ní rárá, omi edé ni. Ìyá wọn nìkan ló lè là wọ́n, ìyá sì ti sùn. Ilé tí wọ́n fi sílẹ̀, àwọn ọmọ pín in. Owó báńkì, wọ́n pín in. Ohun tí gbogbo wọn ì bá jọ ní láìpín, òun ni kò sí mọ́.

Àwọn kan sì wà tó ń fi pamọ́ ní tòótọ́. Ìyá ọkọ á máa rò ó pé, bí ìyàwó bá mọ ọbẹ̀ òun sè, kí ni ọmọ òun tún fẹ́ wá jẹ nílé òun? Á sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó, á fo irú. Ìyàwó á sè é, kò ní dùn, ọkọ á ní kò dà bíi ti màmá òun, ìjà dé. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, mo bẹ̀ yín, ọbẹ̀ tí ẹ fi irú rẹ̀ pamọ́, ọmọ-ọmọ yín ni yóò jẹ ẹ́ láìdùn. Ẹ má sì lé ọmọkùnrin kúrò nílé ìdáná. Àbúrò wa ọkùnrin ló mọ ẹ̀bìrìpò í ṣe jù nínú wa, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Èkìtì ò sì ráhùn rí; ó ń jẹun ni jàre. Òun náà ló kọ́ wa bí iyán ṣe ń dán láìní kókó.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ikùn lásán ni mò ń sọ, kó wo Bahia nílẹ̀ Bùràsíìlì. Nígbà òwò ẹrú, wọ́n kó àwọn ìyá wa kọjá òkun, láìmú ìkòkò, láìmú ọlọ. Ohun tó wà lórí àti lọ́wọ́ wọn ni wọ́n gbé débẹ̀. Lónìí, nígboro Salvador, àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun ń fi epo pupa din àkàrà tà; acarajé ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wà kan náà tí wọ́n bá fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n, tí wọ́n sè, abará ni wọ́n ń pè é, ọmọ ìyá mọ́ínmọ́ín wa. Ní ọdún 2005, ìjọba ilẹ̀ náà kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà yìí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè. Ta ló gbé e dé ibẹ̀? Ìyá tó fi han ọmọ, ẹrú tó fi han ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ká ní ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n pa á mọ́ síkùn ni, ibojì ni ì bá gbé e lọ.

Màámi ti lé ní 80 ọdún báyìí, ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n. Lóṣooṣù, oúnjẹ kan ni à ń mú. Gbogbo wa á sè é níbi tí oníkálukú wà, a ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, Màámi á sì bá wa wí lọ́kọ̀ọ̀kan. A ń gba ohùn wọn sílẹ̀, títí kan èébú tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìsinmi tó gùn, ẹ má dúró de ọdún Kérésì tàbí Iléyá. Ẹ lọ jókòó ti ìyá yín lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ni kó má mì níkùn àgbà. Ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kó mì, kó dà sí abọ́ àwọn ọmọ.