Oòrùn Òwúrọ̀ Nìkan Kò Tó

Ojú ń tì mí díẹ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e mì, ọmọ ẹlòmíràn lè fara kó o.

Yemọja là ń bọ nílé wa ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta. Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó ọmọ mi lóyún. Aránṣọ ni, inú ṣọ́ọ̀bù ló ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Ọmọ mi kà á níbì kan pé àìtó fítámì D bá ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún tan, àti pé oòrùn ló ń jẹ́ kí ara wa ṣe fítámì náà. Inú mi dùn, a kì í kúkú ra oòrùn! Láràárọ̀ ni mo ń gbé àpótí sójúde fún un, mo tún ń se ẹja àti ẹyin. Lójú tèmi, mo ti tọ́jú aboyún.

Nígbà tí oyún lé lóṣù méje, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ náà wú. Mo ní oyún ló fà á. Ó wá di ọjọ́ kan, ó ní, "Màámi, orí ń fọ́ mi gan-an, ojú mi ń ṣe bàìbàì." Mo fẹ́ bu omi ojúbọ fún un kó lọ sùn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ìyálóòṣà wa, ló jágbe mọ́ mi: "Ìyàwó, bu omi náà fún un, àmọ́ inú mọ́tò ni kó ti mu ún! Yemọja ò ní ká jókòó."

Ní ọsibítù, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 170 lókè, 110 nísàlẹ̀. Bó bá ti tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, ó ti kọjá ààlà. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n gún un ní magnesium sulphate kí gìrì má baà mú un. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 33, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002, fi hàn pé abẹ́rẹ́ yìí ń dín gìrì aboyún kù ní ìlàjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fiṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀. Ọmọ kéré, ṣùgbọ́n ó ké.

Mo bi dókítà nípa oòrùn mi. Ó ní ọmọ mi ò purọ́: ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ sí i lára àwọn aboyún tí fítámì D wọn kéré. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé kò tíì ní kí gbogbo aboyún máa lò ó láti fi dènà àìsàn náà. Kálísíọ̀mù ni wọ́n gbà nímọ̀ràn níbi tí oúnjẹ kò bá ti ní in tó, àti asipirín kékeré fún ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀, bí dókítà bá fọwọ́ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, kí aboyún yín máa yá oòrùn, ẹ sì máa bọ òrìṣà yín. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé wọ́n ń wọn ìfúnpá rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá lọ fún ìtọ́jú. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí ojú ń ṣú u, tí òkè ikùn ń dùn ún, tàbí tí ojú rẹ̀ wú, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ náà ti ń rá báyìí. Lọ́jọ́ tí a gbé e lọ kí odò Ògùn, èmi ni mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀.

Kí Yemọja gba gbogbo aboyún wa. Àṣẹ.