Èdè Yorùbá Nílé Olùkọ́ Yorùbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à á kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kíláàsì, tí mo túmọ̀ rẹ̀, tí mo sì sọ àyè tí a ti lè lò ó. N kò mọ̀ pé èmi gan-an ni òwe náà ń bá wí. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà tàbí ti lítíréṣọ̀. Ọ̀rọ̀ ilé mi ni. Mo rò pé yóò wúlò fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la tí ẹ ń tọ́mọ lọ́wọ́, tàbí tí ẹ ó tọ́mọ lọ́jọ́ iwájú.

Ìbejì ni Elédùmarè fi ta wá lọ́rẹ. Ẹni tó bá ti tọ́ ìbejì rí yóò mọ̀ pé ayọ̀ wọn pọ̀, wàhálà wọn náà kò sì kéré. Bí Táyé bá sùn, Kẹ́hìndé yóò jí. Bí a bá rẹ Kẹ́hìndé lẹ́kún, Táyé yóò gbà á níbi tó kù sí. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́rin, òwúrọ̀ ilé wa kò yàtọ̀ sí ọjà. Ọ̀kan kò rí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan. Èkejì ní òun kò mu ògì, àfi tíì. Agogo méje ti lù, èmi náà sì ní iṣẹ́ ní agogo mẹ́jọ. Nínú irú ìkánjú bẹ́ẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń já bọ́ lẹ́nu mi: dìde, yára, jẹun, dákẹ́. Kò pẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n ń lọ fi kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kí àwa òbí máa sọ Gẹ̀ẹ́sì sí wọn nílé, kí wọ́n má baà rẹ̀yìn láàrin ẹgbẹ́ wọn. Èmi olùkọ́ Yorùbá ka ìwé náà, mo sì buwọ́ lù ú.

Ọjọ́ tí ìyá mi wá kí wa láti Ìsẹ́yìn ni ojú tó tì mí. Inú wọn dùn, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí àwọn ọmọ, wọ́n ní kí wọ́n wá jókòó ti àwọn kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n jẹ. Táyé kàn ń wo ẹnu wọn. Kẹ́hìndé yíjú sí mi, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé kí ni Màmá Àgbà ń wí. Ìyá mi kò fèsì. Ó di alẹ́ kí wọ́n tó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ìyá Ìbejì, iṣẹ́ wo lo ní ò ń ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn?"

"Mò ń kọ́ wọn ní Yorùbá ni, Màámi."

"Ọmọ ta lò ń kọ́?"

N kò rí èsì fọ̀.

Kì í ṣe pé n kò mọ ohun tó tọ́. Lọ́dọọdún ni mo ń ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì; wọ́n tún ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1977 náà fi àyè sílẹ̀ fún èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e. Ìlànà lè wá, ó sì lè lọ, ṣùgbọ́n èdè tí òbí ń sọ sí ọmọ nílé kò sí lọ́wọ́ ìjọba. Mo mọ gbogbo èyí sórí, n kò sì mú un lò nínú ilé ara mi.

Oṣù mẹ́ta ni ìyá mi lò lọ́dọ̀ wa. Wọn kò pe ẹnikẹ́ni jókòó láti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n bá ń wẹ̀ fún àwọn ọmọ, ibi tí kàn-ìn-kàn-ìn bá dé lára ni wọn yóò máa dárúkọ: èjìká, ìgúnpá, orúnkún, gìgísẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà, wọn yóò da díẹ̀ síwájú àwọn ọmọ kí wọ́n jọ máa kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí iná bá lọ lálẹ́, àlọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, Ìjàpá sì di ará ilé wa.

Kò rọrùn o. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Kẹ́hìndé a máa sunkún. Òǹgbẹ a máa gbẹ ẹ́, kò sì ní í tọrọ omi, nítorí pé kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ fún Màmá Àgbà. Baálé mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ó ní ṣé a kò máa fi ọmọ wa dánra wò báyìí. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹsẹ̀. Ìyá mi rọra fi ife omi lé Kẹ́hìndé lọ́wọ́, wọ́n ní, "'Ẹ fún mi lómi.' Bí a ṣe ń wí nìyẹn. Mu ún, ọmọ mi." Wọn kò fi òǹgbẹ jẹ ẹ́ níyà, wọn kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, n ó ti dúró de ìdáhùn tó pé kí n tó gbé omi sílẹ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀rín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, baba wọn ń wakọ̀ wọlé bọ̀, Táyé sì ké lójú fèrèsé pé, "Ọkọ Dádì ti dé!" Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé àna àwọn náà ti lọ́kọ. Wọ́n wá ní kí Táyé gbọ́ dáadáa: ìyá rẹ̀ ní ọkọ, Dádì ní ọkọ̀, àgbẹ̀ ní ọkọ́. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn ọmọ méjèèjì fi ń pe ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí kiri ilé. Ọdún mélòó ni mo ti ń fi dò, re, mí kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìró ohùn!

Nígbà tí ìyá mi padà sílé, ìkánjú òwúrọ̀ kò bá wọn lọ. Èmi àti baálé mi mọ̀ pé a kò lè ṣe é tán bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí náà a ya àkókò ìwẹ̀ àti ti oúnjẹ alẹ́ sọ́tọ̀ fún Yorùbá. Mo tún ń fi ogún ìṣẹ́jú jí ṣáájú ìgbà tí mo ń jí tẹ́lẹ̀, nítorí mo ti rí i pé ẹni tó ń kánjú kò lè fi èdè tọ́mọ. Àṣẹ nìkan ni yóò máa pa. N kò ní í purọ́: Táyé ṣì ń lú èdè méjèèjì pọ̀, bí òǹkà bá sì ti kọjá ogún, àwọn méjèèjì a sá sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ kò jó rẹ̀yìn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, nígbà tí ẹ bá ń múra ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, tí ẹ ń kọ ètò ẹ̀kọ́ yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bi ara yín ní ìbéèrè tí ìyá mi bi mí. Bí ẹ kò bá tíì bímọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n ń bẹ nílé, ọmọ alájọgbé sì ń bẹ lágbàlá.

Ní ìjẹta, ìyá mi pè lórí fóònù. Kẹ́hìndé ló gbé e. Mo gbọ́ tó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá Àgbà. Ṣé ara yín le?" Ọ̀rọ̀ wọn pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí fóònù kàn mí, ìyá mi ní, "Ìyá Ìbejì, iṣẹ́ tí ò ń ṣe ti wá yé mi wàyí."