Gìtá Tó Lè Bá Gángan Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ̀ ń rí gìtá oníná ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò lónìí, ó lè ṣòro fún yín láti gbà pé nígbà tiwa, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ta gìtá kò ní gìtá. Kápítéénì ẹgbẹ́ ló ni ín, bó ṣe ni ampilifáyà, máìkì àti aṣọ tí a fi ń ṣeré. Bí ìjà bá dé láàárín ìwọ àti ọ̀gá, ọwọ́ òfìfo lo máa bá jáde. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí kápítéénì bá fẹ́ ra gìtá tuntun, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa ń dá sí i, títí kan ẹni tó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Gìtá ti wà nínú jùjú kí wọ́n tó bí èmi. Àwọn àgbà bíi Túndé King ti ń kọrin jùjú ní Èkó láti àárín ọdún 1930 sí 1939. Inú iyàrá àti àgbàlá ni wọ́n ti máa ń ṣeré, ohùn igi àti okùn sì tó wọn. Ní nǹkan bíi 1949 ni Àyìndé Bákàrè fi iná sí gìtá tirẹ̀, ibẹ̀ ni nǹkan sì ti yí padà. Kí iná tó dé, bí gángan bá fi lè dún nítòsí gìtá, gìtá ti wọlẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí gìtá lè ké sókè, àyè wá ṣí sílẹ̀ fún gángan àti àwọn ìlù mìíràn láti wọ ẹgbẹ́. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá I. K. Dáíró lọ́lá ní 1963, ilé tó ní rẹdíò tí kò mọ jùjú ṣọ̀wọ́n. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Ebenezer Obey dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí Sunny Adé náà fi dá tirẹ̀ sílẹ̀. Gìtá ń pọ̀ sí i, ìlù náà ń pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀sì gìtá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àgídìgbo.

Ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní 1973, owó epo rọ̀bì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Nígbà tí owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wá jáde ní 1975, ẹ gbà mí gbọ́, kò sí òpin ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í dí títì kan pa nítorí ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ tàbí ìṣílé. Àwọn tó ń náwó fún wa nídìí eré kò fi mọ níwọ̀n. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá, Múṣin ni ibùdó wa, ṣùgbọ́n ó kan àwa náà. Kápítéénì ní òun máa ra gìtá gidi kan fún lẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mò ń ta lẹ́ẹ̀dì, torí pé orin kíkọ ni ọ̀gá gbájú mọ́. Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun gbé méjì wá fún wa láti yan ọ̀kan: Fender Stratocaster àti Gibson Les Paul.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn jìn síra. Leo Fender tó dá Fender sílẹ̀ ní Fullerton, ní ìpínlẹ̀ California, atún-rẹdíò-ṣe ni. Kò tilẹ̀ mọ gìtá ta. Ojú atún-nǹkan-ṣe ló fi wo gìtá: ó fi ìdè onírin de ọrùn rẹ̀ mọ́ ara, kí ó lè ṣeé tú, kí ó sì ṣeé pààrọ̀. Stratocaster jáde ní 1954, ó ní ìwo méjì lọ́rùn, wọ́n sì gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó má baà máa gún ni níhà. Pickup mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì tí a wé wáyà tín-ínrín mọ́, tó ń gba ohùn okùn kí ó tó dé ampilifáyà.

Ilé iṣẹ́ Gibson ti dàgbà ju ti Fender lọ púpọ̀. Ní Kalamazoo, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ni wọ́n ti ṣe Les Paul jáde ní 1952, wọ́n sì fi orúkọ ọ̀gbẹ́ni Les Paul tó mọ gìtá ta dunjú pè é. Igi mahogany, tó jẹ́ ẹbí ọ̀gànwó tiwa, ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, wọ́n fi igi maple bo ojú rẹ̀, gúlúù ni wọ́n sì fi lẹ ọrùn mọ́ ọn. Láti 1957 ni wọ́n ti ń fi pickup oníwáyà méjì sí i. Wáyà kan kọjú síbí, èkejì kọjú sọ́hùn-ún, tí ariwo iná bá wọlé, wọ́n á pa á láàárín ara wọn, ohùn okùn nìkan ló máa jáde.

Inú pálọ̀ kápítéénì ni a ti kọ́kọ́ dán wọn wò, láìsí ìlù. Gbogbo wa ló fẹ́ Gibson. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó kún, tí o bá ta okùn kan, ó máa dún pẹ́ kí ó tó kú. Ti Fender tín-ínrín, ó sì ń kùn hùnnn lábẹ́ gílóòbù gígùn tó wà lókè. Àwa tí à ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣeré lóde mọ ohun tí kíkùn yẹn máa dà lóru. Kápítéénì ti ń na ọwọ́ sí àpò.

Bàbá tó ń lu gángan fún wa ni kò jẹ́ kó sanwó. Ó ti lùlù fún àwọn ẹgbẹ́ mìíràn kí ó tó wá sọ́dọ̀ wa, kò sì mọ orúkọ gìtá kankan. Ohun tó sọ ni pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbé wọn dé ibi ìlù ná." A gbé wọn lọ sí ibi tí a ti ń ṣe ìgbáradì, a to gbogbo ìlù kalẹ̀: àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, gángan, pẹ̀lú tẹ́nọ̀ àti bẹ́ẹ̀sì gìtá. Mo ta Gibson. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èmi fúnra mi kò gbọ́ ohun tí mò ń ta mọ́. Ohùn rẹ̀ tó kún yẹn bọ́ sí ibi tí bẹ́ẹ̀sì àti àkúbà ti jókòó sí, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀. Bí mo bá gbé ohùn sókè, èmi ni mo tún ń bo gángan. Mo gbé Fender, ohùn rẹ̀ yọ lókè ìlù gbogbo láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan. Ohùn ọmọ tó ń kiri ló ń la ariwo ọjà já, kì í ṣe ohùn bàbá tó ń rọra sọ̀rọ̀.

Bàbá onígángan gbé ìlù rẹ̀ sí itan. Ó ní, "Ọ̀gá, èyí àkọ́kọ́ dùn o, ṣùgbọ́n ó dí mi lọ́nà. Bí mo bá ń ki ẹni tó ń náwó, ó yẹ kí ẹni náà gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Èkejì yìí máa ń dákẹ́ kíákíá, ó fún mi láyè, mo sì lè dá a lóhùn." Ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn. Ohùn tó ń pẹ́ nílẹ̀, tí a yìn nínú pálọ̀, òun gan-an ló kó bá Gibson níbi ìlù. Nínú jùjú, ẹyọ ohùn kan gbọ́dọ̀ kú kí òmíràn tó lè wọlé, torí èèyàn púpọ̀ ló jọ ń sọ̀rọ̀.

Òde kọ́ wa ní ìyókù. Láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi máa mọ́ ni a fi ń dúró, Les Paul ìgbà yẹn sì máa ń wúwo ju kílò 4 lọ. Bí ó bá ṣubú, ọrùn rẹ̀ sábà máa ń kán níbi orí, gúlúù kò sì jẹ́ kí àtúnṣe rẹ̀ rọrùn. Ọrùn Fender, ìdè onírin ni. Ní ti ariwo iná, mo kọ́ bí èèyàn ṣe ń yí ara padà sí ampilifáyà títí kíkùn á fi rọlẹ̀. Nǹkan kan tún wà: ibi mẹ́ta ni bọ́tìnnì tó ń yan pickup máa ń dúró sí, ṣùgbọ́n bí o bá rọra tì í sí àárín méjì, ohùn kan máa jáde tó ń dún bíi pé ó fẹ́ fọhùn. Àwọn ọlọ́gìtá níbi púpọ̀ láyé ti rí àṣírí yẹn. Ní 1977, ilé iṣẹ́ Fender fúnra rẹ̀ wá fi bọ́tìnnì oníbùdúró 5 sí i.

Gibson náà kò ṣòfò. Àwọn ọmọkùnrin kan tó ń ṣe orin rọ́ọ̀kì ní Èkó ló rà á. Mo lọ wò wọ́n: dúrọ́ọ̀mù kan, bẹ́ẹ̀sì kan, gìtá kan. Àyè pọ̀ fún ohùn tó nípọn yẹn, ó kún ibẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, inú mi sì dùn pé ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó yẹ.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ máa ń dá jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ta gìtá méjì, wọ́n á mú èyí tó dùn jù. Tó bá jẹ́ pé òun nìkan ló máa máa ta á nínú iyàrá rẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ló wà, kí ó mú onílù lọ, kí ó mú ẹni tó ń tẹ dùùrù lọ, torí pé dùùrù ló gba àárín lọ́wọ́ gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì nísinsìnyí. Kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn èwo nínú méjèèjì ló fún wọn láyè. Èyí tí wọ́n bá tọ́ka sí ni kó rà, ì báà jẹ́ èyí tówó rẹ̀ kéré jù.