Ta Ló Ń Ké Lẹ́yìn Wa?

Ẹ bá mi dúró sí ẹsẹ̀ afárá Ajah ní aago méje òwúrọ̀, kí ẹ sì dẹtí sílẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ sáírìn ọkọ̀ tó ń kó owó báńkì. Ẹ ó gbọ́ ti ọ̀gá kan tó ń kánjú lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ ó tún gbọ́ ti jíìpù dúdú kan tí kò ní nọ́ńbà rárá. Àwọn tírélà tó ń bọ̀ láti èbúté Lẹ́kí á wá fi họ́ọ̀nù tiwọn bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ tó gbé aláìsàn bá wà láàárín wọn, ta ni yóò mọ̀?

Bàbá mi, tó ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Èkó kí wọ́n tó bí mi, máa ń sọ fún wa pé aago ni ọkọ̀ panápaná ń lù nígbà tiwọn. Aago idẹ gidi ni o, iwájú ọkọ̀ ni wọ́n so ó mọ́. Panápaná kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó. Láti 1901 ni wọ́n ti wà lábẹ́ àwọn ọlọ́pàá, kí ìpínlẹ̀ Èkó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1972. Bàbá ní bí aago yẹn bá ti dún, tọmọdé tàgbà ló ń fò sí ẹ̀gbẹ́ títì, nítorí kò sí ohun mìíràn tó ń dún bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà.

Sáírìn onírin ló tẹ̀ lé aago. Abọ́ irin kan wà nínú rẹ̀ tó ní ihò yíká ara, mọ́tò iná ló ń yí i. Bí ó ti ń yí ni ó ń gé afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń gé yẹn ló ń di ohùn. Tí ó bá ń yí díẹ̀díẹ̀, ohùn á nípọn; tí eré rẹ̀ bá pọ̀ sí i, ohùn á máa gòkè. Irin kì í sì í dúró lójijì. Bí awakọ̀ bá tilẹ̀ ti pa á, á ṣì máa ké lọ sílẹ̀, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti gbé ṣùgbọ́n tí inú ṣì ń bí. Ó wúwo, ó sì ń mu bátìrì bí ọ̀mùtí. Nítorí náà, kò sí gbajúmọ̀ tí yóò kàn lọ rà á kó lè tètè dé òde ìgbéyàwó.

Orúkọ rẹ̀ gan-an pani lẹ́rìn-ín. Ọmọ Faransé kan, Charles Cagniard de la Tour, ló sọ ọ́ ní orúkọ yẹn ní 1819, nítorí pé tirẹ̀ lè dún nínú omi. Inú ìtàn àwọn ará Gíríìsì ló ti mú un: àwọn obìnrin etí òkun tí ń fi orin fa àwọn awakọ̀ ojú omi sí ikú. Mámíwọ́tà ni wọ́n fi sọ ohun tó ń gba ẹ̀mí là lórúkọ!

Lóde òní, kò sí irin tó ń yí mọ́. Àpótí kékeré kan ni, àti gbohùngbohùn níwájú ọkọ̀. Awakọ̀ á tẹ bọ́tìnì kan, ẹkún gígùn tó ń fara wé ti àtijọ́ á jáde. Á tẹ òmíràn, á máa gbó kíákíá bí ajá tí wọ́n tẹ̀ ní ìrù. Ẹni tó bá lówó á rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, á sì gbé e lọ ilé nínú ọ̀rá. Òfin wà lórí ẹni tó yẹ kó lò ó. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kan á kìlọ̀, òmíràn á dé, á tún kìlọ̀. Gómìnà Babatunde Fashola, tó ṣàkóso Èkó láti 2007 sí 2015, kì í lò ó, àwọn ènìyàn sì ń sọ ọ́ títí di òní bí ẹni ń sọ iṣẹ́ ìyanu.

Ní 2024, bàbá onílé wa ní Ṣàngótẹ̀dó ṣubú nínú balùwẹ̀. Ẹnu wọn yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá ọ̀tún kò gbé mọ́. Èmi àti Màmá la bá wọn wọ áńbúláǹsì. Kí a tó dé Ajah ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti há wa mọ́. Awakọ̀ wa lo ẹkún gígùn, ó lo gbígbó, ó lo èyí tó ń lọ sókè sódò. Kò sí ẹni tó mira. Ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ tó wà níwájú wa yọ orí jáde, ó ní, "Ẹ̀yin agbówó, ẹ fi wá sílẹ̀ jàre!" Àwọn mìíràn ti dígí pa, èrọ amútútù ń fẹ́ wọn, orin ń dún. Èyí tó tilẹ̀ gbọ́ kò mọ ẹ̀gbẹ́ tí a wà, nítorí etí ènìyàn kì í tètè mọ ibi tí ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń wá. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń fi ohùn wúwo kan kún un, tó ń mi àyà ẹni tó ti dígí pa.

Kọ̀ǹdọ́ dáńfó kan ló yọ wá. Ó yọjú wo inú ọkọ̀ wa, ó rí ojú Bàbá, ó sì bọ́ sílẹ̀, ó ń gbá ara ọkọ̀ àwọn ènìyàn: "Aláìsàn ni o! Aláìsàn gidi ni!" Ọwọ́ ọmọ yẹn ṣe ohun tí bọ́tìnì mẹ́ta kò lè ṣe. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà bi Màmá ni pé aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣírò rẹ̀ lórí ìka. Bàbá wà láàyè, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń jẹun báyìí.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà lọ́kàn mi nígbà tí iṣẹ́ ìròyìn gbé mi dé èbúté Lẹ́kí, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní oṣù kìíní 2023. Omi ibẹ̀ jìn tó mítà 16 àbọ̀, àwọn ọkọ̀ ńláńlá ló sì ń wọlé. Ọ̀kan fun fèrè rẹ̀, mo rò pé ilẹ̀ ló ń kùn. Òfin òkun ti gbogbo ayé, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1972, ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó bá gùn tó 200 mítà, fèrè rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n ní ìgbà 70 sí 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn tó nípọn. Èyí tí kò tó 75 mítà, ìgbà 250 sí 700 ni tirẹ̀, ohùn tó tín-ín-rín. Nínú kùrukùru pàápàá, etí lè mọ̀ bóyá àgbà ló ń bọ̀ tàbí ọmọdé. Ìfun kúkúrú kan: mò ń yà sí ọ̀tún. Méjì: mò ń yà sí òsì. Mẹ́ta: ẹ́ńjìnnì mi ń fà sẹ́yìn. Kò sí ọkọ̀ kékeré tí òfin gbà láyè láti jí ohùn ọkọ̀ ńlá lò.

Nígbà tí mò ń padà bọ̀, mo bá awakọ̀ tírélà kan sọ̀rọ̀ ní oríta Eleko, níbi tó ti ń jẹ ẹ̀wà. Mo bi í léèrè ohun tó máa ń ṣe tí ó bá gbọ́ sáírìn lẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lo etí mọ́ o. Dígí ni mò ń wò. Tí mo bá rí ìbọn, mo yà."

Mo ní tó bá wá jẹ́ aláìsàn ńkọ́?

Ó gbé ṣíbí dúró. "Ṣé aláìsàn máa ń gbé ìbọn ni?"