Ohun tí igi Kilibo gbé pamọ́

Bí a bá kúrò ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí a kọjú sí ọ̀nà Parakou, a ó dé Kilibo, níbi tí ará ìlú àti òṣìṣẹ́ ìjọba ti jọ ń tọ́jú igbó Toui-Kilibo. Lábẹ́ igi ẹ̀mí àti àyàn, ìbéèrè wa ni pé: báwo ni a ṣe ń mọ ìwúwo igi láìgé e?

A ó ta okùn ìwọ̀n yí i ká ní mítà 1,30 sí ilẹ̀. A ó fi 3,14 pín in, a ó sì rí ìbú rẹ̀. A ó wọn gíga rẹ̀. A ó tún wo irú igi tí ó jẹ́: àràbà tóbi, ó fúyẹ́, àyàn kò tó o, ṣùgbọ́n ó le, ó wúwo. Láti inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ti ń ṣírò ìwúwo gbígbẹ rẹ̀. Nínú kílò 1 000, nǹkan bí 470 jẹ́ kábọ́nù tí igi fà láti inú afẹ́fẹ́.

Kábọ́nù yìí náà ni ó wà nínú àpò èédú tí a ń tò sẹ́bàá títì. Ohun tí àyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ, iná ń tú u ká láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí a tó ka àpò, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka igi.