Máòsì Kan, Ọwọ́ Méjì

Láti ìgbà tí géèmù orí kọ̀ǹpútà ti di ọ̀rọ̀ ẹnu láàárín àwa SS2, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá: "Máòsì wo ló dáa jù?" Ẹni tó ń bèèrè á ti mú orúkọ méjì mẹ́ta dání, á sì fẹ́ kí n tọ́ka sí ọ̀kan. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Jẹ́ kí n rí ọwọ́ rẹ ná." Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan rò pé mo fẹ́ ríran sí wọn ni.

Mi ò ṣàwàdà o. Máòsì dà bíi bàtà. Kò sí ẹni tó máa wọ ọjà Ìkọ̀tún kó ní kí wọ́n fún òun ní bàtà tó dáa jù, láìsọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìka ò dọ́gba. Ọwọ́ pàápàá ò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí kálukú wa ń gbà di nǹkan mú ò rí bákan náà. Ohun tó jẹ́ kí n mọ èyí dájú ni máòsì ẹyọ kan tí èmi àti bọ̀dá mi jọ dáwó rà ní ìsinmi tó kọjá.

Bọ̀dá mi ń ṣiṣẹ́ ní business centre kan ní Ìgàndò. Wọ́n ń tẹ ìwé fún àwọn èèyàn, wọ́n ń ya káàdì ìpè ìnáwó, wọ́n sì ń bá àwọn oníbàárà kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ wọn kì í kúrò lórí máòsì. Tí wọ́n bá délé lálẹ́, tí iná bá wà, laptop kan náà la jọ fi ń ta géèmù. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan ni ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn ti ń dùn wọ́n. Ìgbà míì, wọn ò ní lè fún aṣọ tí wọ́n fọ̀ dáadáa. Ọwọ́ yẹn ni wọ́n fi ń jẹun, òun náà ló sì ń san lára owó ilé ẹ̀kọ́ mi.

Bọ̀dá mú ₦10,000 wá. Èmi mú ₦6,000 wá, èyí tí mo rí níbi tí mo ti ń bá màmá mi rán bọ́tìnì sára aṣọ oníbàárà lọ́jọ́ Sátidé. Owó yẹn ò lè ra méjì tó ní láárí. Èmi ń fẹ́ máòsì kékeré tó fúyẹ́ fún géèmù. Bọ̀dá ń fẹ́ ńlá tí wọ́n lè gbé lọ síbi iṣẹ́, kí wọ́n sì gbé e padà wálé lálẹ́. Èmi ni àbúrò, mi ò lè bá wọn jiyàn jù, ṣùgbọ́n owó mi wà níbẹ̀ jàre! Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń fà á.

Màmá mi, tí wọ́n jẹ́ télọ̀, ló dá sí i. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ń dárúkọ nǹkan tí ẹ rí lórí fóònù. Ta ni nínú yín tó ti wọn ọwọ́ ara rẹ̀? Ṣé ẹ ò rí i pé sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé aṣọ, tí ọmọ iṣẹ́ mi bá mú un, kò ní gé àǹkárá kan tán tí ìka rẹ̀ á fi bó?" A ò rí ọ̀rọ̀ fi dá wọn lóhùn.

Ọ̀rọ̀ màmá mi bá ìtàn máòsì mu. Douglas Engelbart ló ronú kàn án ní Amẹ́ríkà. Bill English tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní nǹkan bí ọdún 1964. Igi ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, bọ́tìnì kan péré ló wà lórí rẹ̀, táyà kékeré méjì sì wà lábẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1968, Engelbart fi í han àwùjọ ní San Francisco. Láti ìgbà igi yẹn títí di ìgbà iná aláwọ̀ méje, iṣẹ́ rẹ̀ ò yí padà: kí ọwọ́ èèyàn lè bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Tí kò bá wá bá ọwọ́ yẹn mu, kí ni iná fẹ́ ṣe?

Ó dáa, báwo lo ṣe ń di tìẹ mú? Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń ta géèmù.

Àkọ́kọ́ ni palm grip. Gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ló máa ń sùn lé máòsì, tí àwọn ìka á nà gbọọrọ lórí bọ́tìnì, bí ìgbà tí àgbàlagbà gbé ọwọ́ lé orí ọmọ. Apá lẹni tó ń di í mú báyìí sábà máa ń fi tì í. Máòsì tó gùn díẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga tó sì kún àtẹ́lẹwọ́, ló máa ń tù ú lára.

Èkejì ni claw grip. Ìdí àtẹ́lẹwọ́ nìkan ló ń kan ẹ̀yìn máòsì, àwọn ìka á wá ká sókè bí ẹsẹ̀ adìyẹ tó fẹ́ tan ilẹ̀. Ẹni tó ń di í mú báyìí máa ń yára tẹ bọ́tìnì. Èyí tó gùn níwọ̀nba, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ibi tí ìdí àtẹ́lẹwọ́ lè fara tì, ló bá a mu.

Ẹ̀kẹta ni fingertip grip. Orí ìka nìkan ló ń kan máòsì, àtẹ́lẹwọ́ á wà lókè, bí ẹni tó ń ṣa ọmọ ayò nínú ọpọ́n. Kékeré, pẹlẹbẹ, tó sì fúyẹ́ ló yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, torí ìka nìkan ló ń gbé gbogbo ẹrù.

Tí o bá fẹ́ mọ tìẹ, má wo ọwọ́ rẹ nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó. Nígbà yẹn, gbogbo wa là ń ṣe bí ọmọlúàbí. Ta géèmù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ọ̀rẹ́ rẹ fi fóònù ya ọwọ́ rẹ láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ìjà bá gbóná. Bí fọ́tò yẹn bá ṣe rí, bẹ́ẹ̀ gan-an lo ṣe ń di í mú. A ṣe é nílé. Ọwọ́ bọ̀dá mi sùn lé máòsì pátápátá, tèmi ká bí ẹsẹ̀ adìyẹ.

Lẹ́yìn náà, a mú rúlà inú mathematical set mi. Ìlà tó wà ní ọrùn ọwọ́, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ni kí o ti wọ̀n ọ́n dé orí ìka tó gùn jù láàárín. Ti bọ̀dá mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 19.5. Tèmi jẹ́ 16.8. Àwọn tó ń ta géèmù ní ìṣirò kan tí wọ́n máa ń lò: sọ gígùn ọwọ́ rẹ di ìlọ́po 0.6, ohun tí o bá rí ni gígùn máòsì tó sún mọ́ ọ. Ti bọ̀dá jẹ́ 11.7, tèmi jẹ́ bíi 10. Kì í ṣe òfin o. Ẹni tó ń fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ di í mú lè fẹ́ èyí tó gùn díẹ̀ sí i, ẹni tó ń fi orí ìka di í mú lè fẹ́ èyí tó kúrú sí i. Ṣùgbọ́n ó sàn ju kéèyàn máa fi ojú wò ó lọ.

Ìgbà yẹn la wá mọ ohun tó ń ṣe bọ̀dá mi. Máòsì ibi iṣẹ́ wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 9 lọ. Ọwọ́ ńlá tó fẹ́ sùn ò rí ibi sùn sí, ó wá ń rọ́ sórí tábìlì, ọrùn ọwọ́ á sì tẹ̀ sẹ́yìn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà nìyẹn. Tí a bá ra èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 tí mo ń fẹ́, inú ìrora náà ni bọ̀dá máa wà. Tí a bá ra irú Razer DeathAdder, tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12.7, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga, á dùn mọ́ bọ̀dá, ṣùgbọ́n ìka mi ò ní dé bọ́tìnì iwájú tí mo bá ká a. A ronú sí i. Ẹni tó ń ká ìka lè fa ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀ tàbí sún un síwájú. Ẹni tó ń tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ kò lè mú kí máòsì kúkúrú gùn sí i. Èmi ni mo lè yẹ̀ díẹ̀. Bọ̀dá ò ní ibi tí wọ́n máa yẹ̀ sí. Mo sọ ọ́ fún wọn fúnra mi, kò dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, a wọ dáńfó láti Ìkọ̀tún, a gba Ìdímù àti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìyànà Ìpájà, a tún wọ òmíràn lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, èyí tó ń tan iná bí ilé ijó ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún wa. Bọ̀dá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dì í mú ná." Ọkùnrin náà ní ká má tú u. A kí wọn, a kọjá. Ní ibi kẹta, ìyá kan ní kí a jókòó, wọ́n tú mẹ́ta sílẹ̀ fún wa. A fi rúlà wọ̀n ọ́n, àwọn èèyàn ń wò wá. Logitech G102 la mú. Mìlímítà 116.6 ni gígùn rẹ̀, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 11.7. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 85, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì rẹ̀ sì rí bákan náà. Ìyá náà dín owó kù, ó ku owó ọkọ̀ padà sílé.

Ṣé ó bá mi mu tán? Rárá. Tí mo bá fẹ́ tẹ bọ́tìnì iwájú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àtàǹpàkò mi ní láti nà. Ṣùgbọ́n mo ń ta géèmù mi. Bọ̀dá ní ọwọ́ àwọn ti fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì máa ń dìde na apá nísinsìnyí. Máòsì kì í ṣe oògùn o. Tí ìrora bá ń bá a lọ, ilé ìwòsàn ni kéèyàn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan díẹ̀ kún un fún ẹni tó fẹ́ ná owó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ọwọ́ òsì, ẹ ṣọ́ra fún máòsì tó tẹ̀ sí apá ọ̀tún. Èyí tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ dọ́gba ni kí ẹ rà, ẹ sì lè yí iṣẹ́ bọ́tìnì méjèèjì padà nínú Windows. Àwọn àgbà ní ká má fi ọwọ́ òsì fún èèyàn ní nǹkan; wọn ò sọ pé ká má fi tẹ bọ́tìnì.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà DPI ńlá orí páálí dẹ́rù bà yín. Ohun tó ń sọ ni bí ọfà ojú kọ̀ǹpútà ṣe máa rìn jìnnà tó tí o bá sún ọwọ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi géèmù ìbọn ṣe iṣẹ́ jẹun, 400, 800 tàbí 1600 ni wọ́n ń lò. Ní àdúgbò wa tí iná ń lọ tó ń bọ̀, èyí tó ní wáyà ò ní wàhálà: kò bèèrè bátìrì, kò sì bèèrè pé kí o gba iná sí i. Tí tábìlì rẹ bá jẹ́ gíláàsì, ọ̀pọ̀ máòsì ò ní ríran lórí rẹ̀. Màmá mi lẹ àjákù aṣọ mọ́ páálí fún wa, òun la tẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa lè ní géèmù náà ni gbogbo èyí. Kì í ṣe géèmù nìkan. Láti ọdún 2015 ni gbogbo UTME ti JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà, àwa náà sì ń bọ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní gbà kí o gbé máòsì tìẹ wọlé. Èyí tí o bá bá níbẹ̀ ni wàá lò, bó kéré, bó tóbi. Ẹni tó mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí á tètè mọ̀ bóyá kí òun ká ìka ni, tàbí kí òun fi máòsì sílẹ̀ kí òun lo kíbọ́ọ̀dù. JAMB gbà kéèyàn fi bọ́tìnì mẹ́jọ péré ṣe é: A, B, C, D, N, P, S àti R. A dé D ni ìdáhùn, N ń gbé ọ lọ síwájú, P ń dá ọ padà sẹ́yìn. Ẹ lọ fi kọ́ra ní yàrá kọ̀ǹpútà wa.

Ẹni tó bá fẹ́ wọn ọwọ́ rẹ̀, kó wá bá mi níwájú pátákó ìròyìn yìí ní àkókò ìsinmi ọjọ́ Ẹtì. Ẹ mú rúlà tiyín dání o, torí tèmi ti ṣẹ́.