Ààrò Kẹta

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Síbẹ̀, ó tó àádọ́jọ ọdún tí àwọn onímọ̀ fi gbà pé ààrò méjì péré ni ó gbé láíkìn ró, ohun tí ń hù bí èépá lára àpáta, tí ó sì ń rọ̀ bí irùngbọ̀n lára igi orí òkè. Ní 1867 ni Simon Schwendener, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, sọ pé láíkìn kì í ṣe ẹ̀dá kan ṣoṣo. Ẹ̀dá méjì ni ó pawọ́ pọ̀: ọ̀kan láti inú ẹbí olú, tí ó kọ́ ilé, èkejì, ẹ̀dá wẹ́wẹ́ bí irú èyí tí ń sọ ojú adágún di àwọ̀ ewé, tí ó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ àgbà onímọ̀ ìgbà náà ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó di ohun tí a ń kọ́ ọmọ nílé ìwé.

Ìpínlẹ̀ Montana, ní Amẹ́ríkà, ni Toby Spribille dàgbà sí. Ilé ni ó ti kàwé. Kò ní èsì ìdánwò tí yunifásítì ilẹ̀ rẹ̀ lè gbà. Ó ṣiṣẹ́ igbó, ó tu owó jọ, ó kọjá sí Jámánì, níbi tí Yunifásítì Göttingen ti gbójú fo àìní ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ní 2011, ó padà sí Montana.

Láíkìn méjì kan wà lára igi òkè agbègbè náà. Bryoria fremontii pọ́n rúsúrúsú. Àwọn ọmọ onílẹ̀ a máa fọ̀ ọ́, wọn a sì sè é jẹ nínú kòtò gbígbóná. Bryoria tortuosa ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì ní májèlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yẹ àbùdá wọn wò, olú kan náà àti ẹ̀dá aláwọ̀ ewé kan náà ni ó wà nínú àwọn méjèèjì. Báwo ni èlò kan náà ṣe ń di oúnjẹ nínú ìkòkò kan, tí ó ń di májèlé nínú èkejì?

Spribille kò wá ohun tí ìwé sọ nìkan mọ́. Ó wá àmì olú gbogbo. Ó kọ́kọ́ rò pé ìdọ̀tí ni ohun tí ó rí, ṣùgbọ́n kò ṣe é gbọ́n dànù. Ìwúkàrà ni, nínú awọ láíkìn gan-an, ó sì pọ̀ jù lára èyí tí ó ní májèlé. Ní 2016, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn náà jáde: irú ìwúkàrà bẹ́ẹ̀ wà nínú láíkìn láti kọ́ńtínẹ́ǹtì mẹ́fà.

Kò sí nínú gbogbo láíkìn, àríyànjiyàn sì ń lọ lórí iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ "ẹ̀dá méjì" sínú ìdánwò ní 2015 kò jẹ̀bi. Ohun tí olùkọ́ rẹ̀ mọ̀ ni ó fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí ààrò kẹta ì bá má dé ìdí iṣẹ́ náà rárá, bí ó bá jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí nìkan ni àwọn tí ó gbà á wò.